Ìwé CV Yín Kò Gbọdọ̀ Purọ́, Kò sì Gbọdọ̀ Yadi

Ọ̀rọ̀ ìwé ìwáṣẹ́ ni mo fẹ́ kí a jọ sọ lóṣù yìí, pàápàá ìwé pélébé tí a fi ń sọ ìtàn ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́ ẹni, èyí tí tọmọdé tàgbà ń pè ní CV. Ní àdúgbò wa ní Dopemu níhìn-ín, láti abẹ́ bíríjì títí dé Ìyànà Ìpájà, ṣàṣà ni bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà tí kì í tẹ̀ ẹ́ lójúmọ́. Mo ti ka púpọ̀ nínú wọn, nítorí àwọn ọmọ ìjọ a máa kó wọn wá kí n lè bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Àìsàn méjì ni mo ń rí lára wọn. Àwọn kan ń purọ́. Àwọn tó pọ̀ jù nínú wọn yadi ni, wọn kò sọ nǹkan kan rárá.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó yadi, nítorí òun ló ń dùn mí jù.

Arábìnrin kan ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà ní ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe oògùn ní Ìkẹjà, kí wọ́n tó dá wọn dúró. Nígbà tó mú CV rẹ̀ wá, ìlà kan ṣoṣo ló kọ nípa gbogbo ọdún mẹ́fà náà: pé òun jẹ́ òṣìṣẹ́ ojúmọ́ ní ilé iṣẹ́ kan. Ṣùgbọ́n ó lo ìdajì ojú ìwé láti sọ pé aláápọn ni òun, pé òun lè ṣiṣẹ́ bí ìnira tilẹ̀ pọ̀, àti pé òun fẹ́ràn ìwé kíkà, ìrìn àjò àti bíbá ènìyàn pàdé. Mo bi í pé ìrìn àjò wo? Ó bú sẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin tó bá a tẹ̀ ẹ́ ló fi í sí i. Ohun kan náà ló sì wà nínú ìwé gbogbo ẹni tó bá ti gba ọwọ́ ọmọkùnrin náà kọjá.

Mo ní kó jókòó. Mo ní, "Arábìnrin, nígbà tí ẹ bá wọlé ní ṣífítì òru, kí ni ẹ kọ́kọ́ ń ṣe?"

Ó ní, "Pásítọ̀, kí la tún ń ṣe, sà? A kàn ń kó oògùn sínú páálí ni."

Mo ní rárá o, kó sọ ọ́ fún mi ní ẹsẹẹsẹ. Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nìyẹn. Òun ló ń yẹ nọ́ńbà àti ọjọ́ tí ìlò oògùn yóò parí wò lára páálí kọ̀ọ̀kan, kó má baà ṣe pé èyí tó wà lára páálí yàtọ̀ sí ti inú rẹ̀. Òun ló ń kọ iye páálí sínú ìwé ní wákàtí wákàtí. Bí ẹ̀rọ bá há, òun ló ń pa á, tó sì ń pe ẹnjiníà. Àwọn ọmọbìnrin tuntun tí wọ́n bá sì gbà, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń fi wọ́n sí kí wọ́n lè kọ́ iṣẹ́. Mo bi í pé àwọn mélòó? Ó ka orúkọ wọn lórí ìka, wọ́n jẹ́ mẹ́jọ.

Gbogbo èyí ni a kọ sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì kúkúrú, ní ìlà márùn-ún. A kò fi irọ́ kankan kún un. A yọ ìrìn àjò kúrò, a yọ aláápọn kúrò, nítorí ẹni tó bá ka ìlà márùn-ún náà yóò rí i fúnra rẹ̀ pé aláápọn ni. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé nígbà tí òun kà á, ó ṣe òun bí ẹni pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń sọ.

Ẹ rántí Dáfídì níwájú Ọba Sọ́ọ̀lù. Ọba wò ó, ó rí ọmọdé tí kò jagun rí. Dáfídì kò sọ pé akíkanjú ni òun. Ó ní òun ń tọ́jú àgùntàn bàbá òun, kìnnìún wá, béárì sì wá, ó sì sọ ohun tí òun ṣe fún wọn. Ta ni ìbá ka àgùntàn títọ́jú sí ìrírí iṣẹ́ fún ẹni tó fẹ́ lọ kojú Gòláyátì? Ṣùgbọ́n ó rí ibi tí iṣẹ́ tó ti ṣe àti iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ gbé fún un ti bá ara wọn mu, ibẹ̀ ló sì fà yọ.

Ohun tí Leonardo da Vinci ará Ítálì náà ṣe nìyẹn ní nǹkan bí ọdún 1482, nígbà tó kọ̀wé wá iṣẹ́ sí alákòóso ìlú Milan. Ayàwòrán ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí lónìí. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ogun ni ọkàn ọkùnrin náà wà, nítorí náà afárá tó ṣeé gbé kiri, ìbọn ńlá àti ọkọ̀ ogun ló fi ṣáájú; ìparí lẹ́tà ló tó sọ pé òun tún lè yàwòrán. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ sítọ́ọ̀ lẹ ń wá, ẹ fi ìwé kíkọ àti ọjà kíkà ṣáájú. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ awakọ̀, ẹ fi irú ọkọ̀ tí ẹ ti wà àti ọdún tí ẹ fi wà á ṣáájú. CV kan náà kò lè lọ sí ilé iṣẹ́ mẹ́wàá láìyí padà.

Kí ló dé tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí ohun tó ṣe pàtàkì wà lókè? Ẹ jẹ́ ká rántí ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2014, nígbà tí Iléeṣẹ́ Aṣọ́bodè, ìyẹn Immigration, kó àwọn olùwáṣẹ́ jọ sí pápá ìṣeré káàkiri orílẹ̀-èdè yìí. Àwọn tó fi orúkọ sílẹ̀ lé ní 500,000, ẹgbẹ̀rún mélòó kan péré sì ni àyè tó ṣófo. Ẹgbẹ̀rún náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ènìyàn kú nínú àtẹ̀mọ́lẹ̀ ní Àbújá, Port Harcourt, Minna àti Benin, ọmọ ọlọ́mọ tó jáde nílé pé òun ń lọ wáṣẹ́. Ibi tí ogunlọ́gọ̀ bá ti ń du àyè díẹ̀, ẹni tó ń ka ìwé yín kò ní ju ìṣẹ́jú kan lọ lórí rẹ̀. Bí ìṣẹ́jú náà bá parí sórí orúkọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yín, ó ti tán.

Ẹ̀yin tí ẹ kọ́ṣẹ́ ọwọ́, ẹ má ṣe fi ọdún tí ẹ lò lọ́dọ̀ ọ̀gá pamọ́ bí ohun ìtìjú. Ọdún mẹ́rin lọ́dọ̀ wẹ́dà ní Agége, iṣẹ́ ni. Ẹ kọ irú irin tí ẹ ti jó àti ohun tí ẹ fi ṣe. Bí ẹ bá ti ṣe ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ ti Iléeṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ fún Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Trade Test, tàbí ti NABTEB, ẹ kọ ipele rẹ̀ sí i. Ìyá tó ti ta ọjà ní ṣọ́ọ̀bù fún ọdún mẹ́wàá mọ bí a ti ń ka ọjà, ó sì mọ bí a ti ń gba gbèsè. Kó kọ ọ́.

Àwọn tó ṣe òṣìṣẹ́ ojúmọ́ a máa sọ fún mi pé àwọn kò ní ìwé ìgbàṣíṣẹ́ tí àwọn yóò fi hàn. Òótọ́ ni, ẹ̀ṣẹ̀ àwọn agbanisíṣẹ́ sì ni. Òfin Iṣẹ́ orílẹ̀-èdè wa, ní abala keje, sọ pé kí oṣù mẹ́ta tó pé tí òṣìṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n ti fún un ní ìwé tó sọ irú iṣẹ́ rẹ̀ àti owó rẹ̀. Ẹ tọ́jú káàdì ìdánimọ̀ àtijọ́, ìwé owó oṣù, àti nọ́ńbà fóònù ọ̀gá tó ń bójú tó yín. Ilé iṣẹ́ lè kógbá wọlé, gẹ́gẹ́ bí Dunlop ṣe dá táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà ní ọdún 2008, ṣùgbọ́n ọ̀gá yín ṣì lè jẹ́rìí yín.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ irọ́. Ọjọ́ orí ni ti àwọn ènìyàn wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí mo mọ̀ láti kékeré kọ sínú CV rẹ̀ pé ọdún 1998 ni wọ́n bí òun. Ọdún 1992 ni. Ó ti gé ọdún mẹ́fà sọnù, ó sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé òun gba ìwé mẹ́wàá ní ọdún 2010. Mo ní kó bá mi ṣírò rẹ̀: ọdún mẹ́fà ní girama, ọdún mẹ́fà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. A jẹ́ pé ọdún tí ìyá rẹ̀ bí i gan-an ló wọ kíláàsì kìn-ín-ní! Ẹni tó ń ka CV kò nílò olófòófó kankan. Ìwé náà tú àṣírí ara rẹ̀.

Mo mọ ohun tó sún un dé ibẹ̀. Ilé iṣẹ́ a máa kọ ọ́ gàdàgbà pé àwọn kò fẹ́ ẹni tó ju ọdún 26 lọ, bẹ́ẹ̀ wọ́n tún fẹ́ ìrírí ọdún márùn-ún, ní ìlú tí ìyanṣẹ́lódì ti lè sọ ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin di mẹ́fà. Èmi kò rí ọgbọ́n inú òfin bẹ́ẹ̀, mo sì gbà pé àwọn tó gbé e kalẹ̀ ní ìpín nínú irọ́ tí wọ́n ń pa fún wọn. Síbẹ̀ n kò ní fọwọ́ sí ìwé tí mo mọ̀ pé irọ́ ni. Mo sọ fún un bẹ́ẹ̀, inú rẹ̀ kò dùn. Ó pa dà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, 1992 ló wà níbẹ̀.

Ní oṣù Keje ọdún 1999, Salisu Buhari tó jẹ́ Olórí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin kọ̀wé fipò sílẹ̀ nígbà tí kò tíì lo oṣù méjì níbẹ̀. Ìwé ìròyìn TheNews ló tú u síta pé kò gba oyè kankan ní Yunifásítì Toronto, àti pé ọdún 1970 ni wọ́n bí i, kì í ṣe 1963. Tirẹ̀ ni pé ó fi kún ọjọ́ orí, nítorí òfin ìgbà náà béèrè ọgbọ̀n ọdún. Ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi, Ààrẹ Ọbásanjọ́ sì dárí jì í ní ọdún 2000, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ "Toronto" di orúkọ mìíràn fún ìwé ẹ̀rí ayédèrú lẹ́nu àwọn ará ìlú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé Olúwọlé tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Nípa ẹlẹ́rìí, ẹ má kàn fi orúkọ pásítọ̀ sílẹ̀. Ilé iṣẹ́ kan pè mí nítorí arákùnrin kan tó ń lu ìlù nínú ìjọ, wọ́n bi mí bó ṣe mọ iṣẹ́ iná mànàmáná sí. Mo lè jẹ́rìí sí ìwà rẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ nìkan ló lè dáhùn ìyókù. Ẹni yòówù tí ẹ bá fẹ́ lò, ẹ sọ fún un tẹ́lẹ̀.

Ó ku àwọn nǹkan wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́. Ẹ má lo í-méèlì bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà. Ìwé ìpè yín yóò dé, ẹlòmíràn ni yóò rí i. Ẹ ní tiyín, kó sì jẹ́ orúkọ yín, kì í ṣe orúkọ ìnagijẹ. Nọ́ńbà fóònù méjì dára, ọ̀kan lè jẹ́ ti ìyàwó tàbí ti ẹ̀gbọ́n. Àwọn ọmọ yín tó ń wáṣẹ́ ní Lọ́ńdọ̀n kò gbọdọ̀ lo irú tiwa: níbẹ̀, wọn kì í kọ ọjọ́ orí, ẹ̀sìn tàbí pé ẹni ti ṣègbéyàwó sínú CV, wọn kì í sì í lẹ fọ́tò mọ́ ọn. Ẹ má kọ BVN, NIN tàbí nọ́ńbà àkáǹtì sínú rẹ̀ níbikíbi.

Bí àtẹ̀jíṣẹ́ bá sì dé pé kí ẹ wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní Ògbà tàbí Ìkẹjà, tí ẹ kò rántí pé ẹ kọ̀wé síbẹ̀, ẹ pè wọ́n, kí ẹ béèrè orúkọ ilé iṣẹ́ àti irú iṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá ní kí ẹ ṣáà máa bọ̀, kí ẹ mú owó fọ́ọ̀mù dání, ẹ jókòó sílé.