Kí A Tó Bọ́ Bàtà Létíkun La Rochelle

Ọ̀rọ̀ fàájì la gbé dé lónìí. Gbogbo ìgbà tí ooru bá ti mú ní ilẹ̀ Faransé ni àwọn kan nínú wa tó ń kàwé níbẹ̀ máa ń gba etíkun lọ, fọ́tò wọn á sì kún inú fóònù wa: òkun lẹ́yìn, awò dúdú lójú, áísìkiriìmù lọ́wọ́. Ẹnu wa kì í kò lórí ọ̀rọ̀ náà. Àwọn kan á ní, “Ṣé ohun tí àwọn òbí ẹ rán ẹ lọ ṣe nìyẹn?” Àwọn mìíràn á ní kí wọ́n fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀, kó jayé orí ẹ̀.

Lójú tiwa, fàájì kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ oṣù bá gírámà Faransé àti òtútù jà, ó yẹ kó na ẹsẹ̀ nínú iyanrìn. Àwọn àgbà náà ló sì sọ pé bí ọmọdé ò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn, á ní kò sí oko ẹni tó tó ti bàbá òun. Ohun tó yẹ kó ṣáájú la fẹ́ bá ara wa sọ. Bí ìlú tí a ń lọ bá jẹ́ La Rochelle, ilé kan wà láàrin ìlú náà tó yẹ kí ọmọ Yorùbá kọ́kọ́ wọ̀ kó tó bọ́ bàtà létíkun.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yin ìlú náà, torí ó tó yìn. Ó wà ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé, létí òkun Àtìláńtíìkì. Bí ẹ bá wọ rélùwéè ní Montparnasse ní Paris, bíi wákàtí mẹ́ta lẹ ó fi dé ibẹ̀. Láti ibùdókọ̀, ẹ lè fi ẹsẹ̀ rìn dé èbúté àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Vieux-Port. Ilé ìṣọ́ gíga méjì ló dúró sí ẹnu èbúté náà, Saint-Nicolas lápá kan, La Chaîne lápá kejì. Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń ta ẹ̀wọ̀n irin sáàárín méjèèjì kí ọkọ̀ ojú omi kankan má baà yọ́ wọlé lóru. Ilé ìṣọ́ kẹta, La Lanterne, ti fìgbà kan rí jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n. Àwọn atukọ̀ tí wọ́n tì mọ́bẹ̀ gbẹ́ orúkọ wọn àti àwòrán ọkọ̀ sára ògiri, ó sì wà níbẹ̀ dòní. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì pé ọmọ ọdún 26, tó sì ní ìwé ìgbélùú ilẹ̀ Faransé lọ́wọ́, kì í san owó láti wọ àwọn ilé ìṣọ́ wọ̀nyí. Ẹ mú káàdì yín dání.

Ìlú tó rọrùn fún ẹlẹ́sẹ̀ ni pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ òpópónà àtijọ́ rẹ̀ ló ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ olókùúta tí èèyàn lè gba abẹ́ rẹ̀ rìn bí òjò bá ń rọ̀. Láàrin àwọn ọdún 1970, ìlú náà kó kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ òféèfé síta kí aráàlú máa gùn ún lọ́fẹ̀ẹ́, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá kò tíì ronú kan irú ẹ̀. Ní ti etíkun, Plage de la Concurrence kò jìnnà sí èbúté àtijọ́ rárá. Bí ẹ bá fẹ́ ti Les Minimes, ọkọ̀ ojú omi ń gbé èèyàn lọ láti èbúté náà. Ẹ kàn fi sọ́kàn pé òkun ibẹ̀ kì í dúró sójú kan. Bó bá ti fà sẹ́yìn, inú ẹrọ̀fọ̀ lẹ ó ti máa wá omi. Ẹ wádìí ìgbà tí òkun ń kún kí ẹ tó kúrò nílé.

Ilé tí à ń wí wà ní òpópónà Fleuriau, kò sì jìnnà sí gbogbo ohun tí a kà sílẹ̀ yìí. Ní ọdún 1772 ni ọlọ́jà kan tó ń jẹ́ Aimé-Benjamin Fleuriau rà á. Oko ìrèké ló fi lówó, oko tó wà lókè òkun ní Saint-Domingue, ilẹ̀ tí à ń pè ní Haiti lónìí. Àwọn ẹrú ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Láti ọdún 1982 ni ilé náà ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ń pè ní Musée du Nouveau Monde, níbi tí wọ́n ti ń fi ohun tó pa La Rochelle pọ̀ mọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà han aráyé. Ní àgbàlá rẹ̀ ni ère Toussaint Louverture wà láti ọdún 2015, iṣẹ́ ọwọ́ Ousmane Sow, ọmọ Senegal. Toussaint yìí ni ẹni tí wọ́n bí sóko ẹrú ní Saint-Domingue, tó wá di ọ̀gágun àwọn tó jà fún òmìnira. Wọ́n mú un lọ sí ilẹ̀ Faransé, ó sì kú sẹ́wọ̀n ní ọdún 1803. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn náà tí Haiti fi gba òmìnira.

Ẹnìkan lè bi wá pé kí ló kan Yorùbá níbẹ̀. Ó kàn wá gan-an. Ju 400 ìrìn-àjò òwò ẹrú lọ ni ọkọ̀ gbéra fún láti La Rochelle. Àwọn ọkọ̀ Faransé máa ń ra ẹrú ní Ouidah àti láwọn èbúté mìíràn ní agbègbè wa, wọ́n á sì kó wọn sọdá sí Saint-Domingue. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ àwọn olóko ibẹ̀, orúkọ kan ń jẹ yọ lemọ́lemọ́, orúkọ náà ni Nago. Àwa ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Títí dòní, bí àwọn ará Haiti bá ń ṣe ẹ̀sìn Vodou, wọ́n ṣì ní apá kan tí wọ́n ń pè ní Nago, Ògún sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè é ní Ogou. Ọmọ Yorùbá tó bá wọ ilé Fleuriau kò wá wo ìtàn onítàn.

A ti gbọ́ èsì àwọn kan. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ẹrú máa ń ba fàájì jẹ́. Àwa ò rí i bẹ́ẹ̀. Òwúrọ̀ kan péré ló gbà, òkun kò sì ní sá lọ kí ọ̀sán tó pọ́n. Àwọn mìíràn ní Badagry wà nílé, kí la tún ń wá kiri? Òótọ́ ni. Àwa tí a ń kọ́ èdè Faransé ní yunifásítì Nàìjíríà mọ Badagry dáadáa, torí ibẹ̀ ni abúlé èdè Faransé tí a ti ń lọ fi èdè dánra wò wà. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń kó ẹrú wọ ọkọ̀ láyé àtijọ́. Ṣùgbọ́n Badagry ń fi ibi tí wọ́n ti ń kó èèyàn lọ hàn wá. La Rochelle ló ń fi ibi tí owó wọn wọlé sí hàn wá. Ẹni tó bá rí ọ̀kan láìrí ìkejì, ààbọ̀ ìtàn ló gbọ́.

Èsì kẹta ló wúwo jù. Wọ́n ní irú ìrìn bẹ́ẹ̀ á kàn máa kọ́ wa láti di ẹ̀bi ru òyìnbó ni. Bí a bá wò ó dáadáa, kò lè rí bẹ́ẹ̀. Láyé Aláàfin Abíọ́dún, láàrin ọdún 1774 sí 1789, àwọn oníṣòwò Ọ̀yọ́ ń kó ẹrú wá sí etíkun, pàápàá sí Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo. Àkókò yẹn kan náà ni àwọn bíi Fleuriau ń kọ́lé olókùúta. Ẹni tó tà wà, ẹni tó rà wà. Ẹni tí wọ́n tà ni kò sẹ́ni tó bi í léèrè. Tirẹ̀ la ní kí ẹ lọ wò.

Àwọn onílé gan-an kò fi bò mọ́. Ní ọdún 2001, ilẹ̀ Faransé ṣòfin pé ìwà ọ̀daràn sí ọmọ ènìyàn ni òwò ẹrú, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ya ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún sọ́tọ̀ fún ìrántí rẹ̀. Bí ẹni tó jẹ èrè bá lè kọ ọ́ sára ògiri kí aráyé kà á, kò yẹ kí ọmọ ẹni tó jìyà rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá láìyà wò ó.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ti ń dá owó jọ fún ìrìn-àjò ìgbà ooru, ẹ̀bẹ̀ wa kò pọ̀. Ẹ wádìí ọjọ́ tí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà ń ṣí kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi òwúrọ̀ fún un. Kí ẹni tó gbọ́ Faransé jù nínú yín ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri fún àwọn yòókù, kó sì sọ ọ́ ní Yorùbá. Lẹ́yìn náà kí ẹ gba etíkun lọ, kí ẹ lúwẹ̀ẹ́, kí ẹ jẹun, kí ẹ ya fọ́tò títí ilẹ̀ á fi ṣú. Tí ẹ bá wá ń fi fọ́tò ránṣẹ́ sí wa, ẹ jẹ́ kí ti àgbàlá Fleuriau wà nínú rẹ̀. A ó wo ti òkun náà, inú wa á sì dùn sí i.