Kí Ló Ń Ṣe Ẹṣin Bàbá?

Ọ̀rọ̀ ẹṣin ni mo gbé wá lónìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹṣin tí mò ń wí yìí, owó tó ń mú wálé níbi ìgbéyàwó àti ìwúyè ni a fi ń san owó ilé-ìwé ọmọ mẹ́ta.

Àbúrò bàbá mi kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló ni ín. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, mo bá ẹṣin náà ní ìdúró, ó sorí kọ́, etí rẹ̀ rọ̀, kò tilẹ̀ fi ìrù lé eṣinṣin. Bẹ́ẹ̀ ẹṣin tí ń jó bó bá ti gbọ́ ìlù ni!

"Tíṣà," ni Bàbá wí, "wọ́n ti sà sí i. Ẹlẹ́ṣin ẹlẹgbẹ́ mi ni, mo sì ti lọ sọ ọ́ sí i lójú."

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ẹṣin ná."

Ará ilé rò pé inú ló ń run ún. Ṣùgbọ́n ẹṣin tí inú ń run a máa fẹsẹ̀ halẹ̀, a máa bojú wẹ̀yìn wo ìhà rẹ̀, a máa yí gbiri nílẹ̀, kì í sì í fẹ́ jẹun. (Ẹṣin kò lè bì, ìdí nìyí tí inú rírun fi lè tètè pa á.) Èyí ń jẹ ọkà bàbà rẹ̀, kò sì tú u dànù bí ẹni tí eyín ń dùn. Síbẹ̀ egungun ìhà rẹ̀ ti yọ. Ẹnìkan tí ń ta oògùn lọ́jà ti fún un ní oògùn aràn lẹ́ẹ̀mejì; owó lọ, àìsàn kò lọ.

Mo ká ètè rẹ̀ sókè: erìgì tó yẹ kó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ ti funfun bí ẹ̀kọ. Abẹ́ ikùn rẹ̀ wú, bí mo sì ti fi ìka tẹ̀ ẹ́, ojú ibẹ̀ jìn. Mo wo aago, mo ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù: 60 ní ìṣẹ́jú kan, bẹ́ẹ̀ ti ẹṣin tí ara rẹ̀ dá, tó sì sinmi, kì í sábà ju 44 lọ. Ọmọ tí ń tọ́jú rẹ̀ wá sọ pé ara rẹ̀ a gbóná fún ọjọ́ díẹ̀, a sì tún tutù.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Lẹ́yìn tí a ti Ọ̀yọ́ dé ni, sà."

"Níbo lẹ so ó mọ́ lọ́hùn-ún?"

"Etí odò, sà, lábẹ́ igi, níbi tí koríko ti tutù."

Mo ní ó ti yé mi wàyí. Eṣinṣin tsẹ́tsẹ́ tí ń mu ẹ̀jẹ̀ fẹ́ràn ibòji etí odò. Ní nǹkan bí ọdún 1895 ni David Bruce, dókítà ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, rí kòkòrò tíntín nínú ẹ̀jẹ̀ màlúù tí ń ṣàìsàn ní ilẹ̀ Súlúù, ó sì fi hàn pé eṣinṣin yìí ló ń gbé e kiri. Àwọn baba wa kò rí kòkòrò náà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìyà rẹ̀. Ọ̀yọ́-Ilé wà ní ọ̀dàn níhà àríwá, òkè ọya ni wọ́n sì ti ń ra ẹṣin, nítorí ẹṣin kì í pẹ́ ní ìhà gúúsù. Ẹlẹ́ṣin Ọ̀yọ́ tó lọ jagun ní Dàhòmì kì í dúró de òjò. Ẹni tó bá ń fọ́nnu pé kò síbi tí wọn kò lè dé, kò tíì rí igbó Ìjẹ̀ṣà. Ọ̀yọ́ tòní, tí Àtìbà tẹ̀dó ní nǹkan bí 1830 sí 1840, létí igbó ló wà.

A ránṣẹ́ pe dókítà ẹranko. Ó fa ẹ̀jẹ̀ lọ́rùn rẹ̀, ó fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó. Kòkòrò náà ń jà ràìràì níbẹ̀. Ó fi okùn wọn àyà ẹṣin láti mọ bó ti wúwo, nítorí oògùn náà bí ó bá pọ̀ jù lè pa á, kó tó gún un ní abẹ́rẹ́. Ó ní a ó tún yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò, nítorí àìsàn yìí a máa padà.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹlẹgbẹ́ Bàbá. Ó gbé obì, mo tẹ̀ lé e. Ọkùnrin náà gba obì, kò tíì pa á tí ó fi mú wa lọ sẹ́yìnkùlé rẹ̀. Ẹṣin tirẹ̀ náà sorí kọ́. Etí odò kan náà ni wọ́n jọ so wọ́n mọ́ ní Ọ̀yọ́, òun náà sì ti ń rò pé Bàbá ló ṣe é.