Bàbá, orúkọ ta lẹ fi owó yẹn sí?

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tẹ́ ẹ ti fẹ̀yìntì, tẹ́ ẹ̀ ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ ní London, ẹ gbọ́ ná. Físà àbẹ̀wò tí wọ́n sábà ń fún yín kì í ju oṣù 6 lọ lẹ́ẹ̀kan. Èyí tí wọ́n ń fún olówó tó fẹ̀yìntì tẹ́lẹ̀, wọ́n ti fagi lé e látọdún 2008. Tẹ́ ẹ bá wá lọ ṣí àkáǹtì ní báńkì, wọ́n á ní kẹ́ ẹ mú ìwé ilé tẹ́ ẹ̀ ń gbé wá. Ìwé iná ńkọ́? Orúkọ ọmọ ni. Ti omi ńkọ́? Orúkọ ìyàwó ẹ̀ ni! Ibẹ̀ lọmọ á ti ní, "Dádì, ẹ jẹ́ ká kó o sí àkáǹtì tèmi."

Ọmọ dáadáa ni o, n ò bú u. Ṣùgbọ́n lójú báńkì, owó ọmọ ni. Tóun àtìyàwó ẹ̀ bá dèrò kóòtù ńkọ́? Owó tẹ́ ẹ fi ọdún 35 ṣiṣẹ́ ìjọba kó jọ á wá bá wọn dé iwájú adájọ́.

Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, ẹ ṣí àkáǹtì owó òkèèrè tí wọ́n ń pè ní domiciliary ní báńkì yín níbí, lórúkọ ara yín, kẹ́ ẹ gba káàdì ẹ̀. Owó oúnjẹ lẹ lè fún ọmọ.