Ẹ má gé pépà ọ̀gá o! Update ò mojú ẹnì kankan

Kò sẹ́ni tó máa dé Ìsẹ́yìn tí kò ní í gbúròó òfì. Láti àárọ̀ kùtù ni ọkọ̀ ti ń lọ tó ń bọ̀ láàárín òwú, tọmọdé tàgbà ló jókòó tì í. Ẹ̀tù o, sányán o, àlàárì o, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń hun ún, táwọn olówó Èkó àti Ìbàdàn sì ń fi í ṣe ìgbéyàwó, tí wọ́n ń fi í sin òkú àgbà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń tà á ni kì í dúró de oníbàárà lọ́jà mọ́. Orí Facebook àti WhatsApp ni wọ́n ti ń polówó, àwọn mìíràn sì ti sanwó fún ọmọ tó gbọ́ kọ̀ǹpútà pé kó bá wọn ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì, kí ará London àti Houston lè máa yan aṣọ látorí bẹ́ẹ̀dì wọn. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó ń ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì kì í ran òwú ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ta ló lákòókò yẹn? WordPress ni wọ́n máa ń lọ gbé, èyí tó ti wà nílẹ̀ láti 2003, tó sì jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ni. Nínú ọgọ́rùn-ún wẹ́ẹ̀bùsáìtì tó wà láyé, ó lé ní 40 tó ń lò ó. Tó bá jẹ́ ọjà ni wọ́n fẹ́ tà, wọ́n á so WooCommerce mọ́ ọn, ìyẹn jáde ní 2011. Tí wọ́n bá ti gbé méjèèjì kalẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ti dé nìyẹn. Àmọ́ ṣọ́ọ̀bù òyìnbó ni o.

Nínú ṣọ́ọ̀bù yìí làwọn fáìlì kan wà tí wọ́n ń pè ní template. Àwọn ló ń sọ bí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ṣe máa rí: ibi tí àwòrán máa wà, ibi tí iye owó máa wà, ibi tí bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń ra ọjà máa wà. Ó dà bíi pépà tí télọ̀ fi ń gé aṣọ. Pépà òyìnbó yìí sì rò pé ṣẹ́ẹ̀tì lèèyàn fẹ́ rà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ra aṣọ òkè? Oníbàárà máa sọ bóyá ìró, bùbá, gèlè àti ìpèlé lòun fẹ́, àbí agbádá àti fìlà. Ó máa sọ àwọ̀. Tó bá jẹ́ aṣọ ẹbí, ó máa sọ iye èèyàn, ó sì máa sọ ọjọ́ ìnáwó, torí aṣọ tí wọ́n ń fọwọ́ hun kì í jáde lọ́jọ́ kan. Ọ̀pọ̀ nínú èyí ni kò sí nínú template tí wọ́n kó wá láti òkè òkun. Dandan ni kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ náà yí i padà.

Báwo ló ṣe máa yí i? Ọ̀nà tó yá jù ni ọ̀pọ̀ wọn máa ń gbà. Wọ́n á wọ inú fódà WooCommerce fúnra ẹ̀, wọ́n á ṣí fáìlì onífáìlì, wọ́n á kọ tiwọn sí i láàárín. Ó máa ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Inú oníṣòwò máa dùn, ó máa san balansi, ó tiẹ̀ lè fi gèlè kan ta ìyá ọmọ náà lọ́rẹ. Ọ̀rọ̀ parí? Rárá o. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí ayálégbé kun ògiri ilé onílé ní ọ̀dà tó wù ú. Ọjọ́ tí lándìlọ́ọ̀dù bá gbé ọ̀dà tiẹ̀ dé, ṣé ó máa béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ni?

Update ni ọ̀dà lándìlọ́ọ̀dù. Láti oṣù kẹwàá 2013 ni WordPress ti ń fúnra ẹ̀ ṣe àwọn àtúnṣe kéékèèké, nígbà tó sì di oṣù kẹjọ 2020, wọ́n fi bọ́tìnnì sí i tí plugin, ìyẹn irú WooCommerce, náà á fi máa ṣe update láìsí pé ẹnì kan jí. Tí update bá dé, fódà àtijọ́ ló máa kó dànù pátápátá, tó máa gbé tuntun síbẹ̀. Gbogbo ohun tí ọmọ náà kọ, ó ti wọlẹ̀ nìyẹn.

Ẹ fojú inú wo ìyá kan ní Ìsẹ́yìn, tí oṣù Disẹ́ńbà ti ń kanlẹ̀kùn. Ó jí láàárọ̀, ó rí i pé ẹnì kan láti London ti sanwó aṣọ ogójì. Ó yọ̀ títí. Ìgbà tó wò ó dáadáa ni kò rí àwọ̀, kò rí ọjọ́ ìnáwó, kò mọ̀ bóyá gèlè ni àbí fìlà. Gbogbo ibi tí wọ́n ń kọ ọ́ sí ti pòórá mọ́jú. Kí ló fẹ́ ní kí wọ́n hun? Ó pe ọmọ tó ṣe é. “Ẹ má bínú, Màmá, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀, mà. Network ni.” Network kẹ̀!

Èyí tó burú jù ṣì ń bọ̀. Ọmọ náà á tún un kọ síbi tó kọ ọ́ sí tẹ́lẹ̀, kó má bàa tún sọ nù, á wá pa update. Kò ní í sọ fún Màmá. Ó ti ti ilẹ̀kùn mọ́ káfíńtà tó ń wá tún ilẹ̀kùn ṣe.

Ṣé ẹ rántí Drupal? Òun náà jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún WordPress nídìí iṣẹ́ yìí. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá 2014, àwọn tó ni ín kéde pé ihò ńlá kan wà lára Drupal 7, wọ́n sì gbé àtúnṣe síta lọ́jọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n tún jáde, tí wọ́n ní ẹni tí kò bá ti ṣe àtúnṣe náà láàárín wákàtí méje tí wọ́n kéde ẹ̀, kó gbà pé olè ti wọlé òun. Wákàtí méje péré! Ní aago Nàìjíríà, ó ti gbọ́dọ̀ parí kí aago méjìlá òru tó lù. Ẹni tó ti fọwọ́ gé fáìlì Drupal káàkiri, báwo ló ṣe máa ṣe update láàárín wákàtí méje láìpàdánù iṣẹ́ ẹ̀? Kò jọ pé àwọn tó ń lo Drupal ń ṣeré nígbà tí wọ́n ń dápàárá pé ìgbàkúgbà téèyàn bá gé fáìlì àárín gbùngbùn ẹ̀, ọmọ ológbò kan máa kú.

Ọdún 2016 tún wá kó tiẹ̀ dé. Lóṣù kẹrin ọdún yẹn ni àṣírí Panama Papers tú, ìwé tó lé ní mílíọ̀nù 11 láti ọ́fíìsì àwọn lọ́yà Mossack Fonseca, tí orúkọ àwọn èèkàn Nàìjíríà kan náà sì wà nínú ẹ̀. Nígbà táwọn tó mọ iṣẹ́ yẹ ibi táwọn oníbàárà ọ́fíìsì náà ti ń wọlé lórí íntánẹ́ẹ̀tì wò, Drupal 2013 ni wọ́n ṣì bá níbẹ̀. Wọn ò rí ẹ̀rí pé ibẹ̀ lolè gbà wọlé o. Àmọ́ lọ́yà tó ń tọ́jú àṣírí olówó ló fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀!

Ọ̀nà tó dáa wà, kò sì le. Tí oníbàárà télọ̀ bá fẹ́ kí ọwọ́ aṣọ òun gbòòrò sí i, ọmọṣẹ́ tó gbọ́n kì í fi sáàsì kan pépà ọ̀gá tó wà lára ògiri. Á fi pépà mìíràn dà á kọ, èyí tó dà kọ ni á gé. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ làwọn tó ṣe WooCommerce fẹ́ kó rí. Tí ẹnì kan bá ṣí ojú ìwé aṣọ, WooCommerce kì í sáré lọ sínú fódà tara ẹ̀. Ó máa kọ́kọ́ wo inú child theme, ìyẹn theme ọmọ tó ń jẹ nínú ogún bàbá ẹ̀, bóyá fódà kan tó ń jẹ́ woocommerce wà níbẹ̀. Tó bá bá template lọ́wọ́ ọmọ, tọmọ ló máa lò. Tí kò bá sí, ó máa wo ọwọ́ bàbá. Ìgbà tí kò bá rí i lọ́wọ́ méjèèjì ló tó máa padà sílé ara ẹ̀. Kí update dé nígbà ogún lóru, kò ní í débi tí ìwé ọmọ wà. Joomla náà ní tiẹ̀, fódà html ni wọ́n ń kó o sí níbẹ̀.

Theme sì rèé, aṣọ lásán ni, èèyàn lè bọ́ ọ nígbàkigbà. Lọ́jọ́ tí Màmá bá ní àwọ̀ pupa ti sú òun, tí wọ́n pààrọ̀ theme, gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ ló máa bá a lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ iṣẹ́ fi ń ṣe plugin tara wọn, èyí tí àwọn ará Drupal ń pè ní module. Template tí wọ́n yí padà máa wà nínú plugin náà, wọ́n á wá lo okùn kan tó ń jẹ́ woocommerce_locate_template láti júwe ibẹ̀ fún WooCommerce. Àǹfààní mìíràn tún wà ńbẹ̀ tó jẹ́ pé òun gan-an ló ṣe pàtàkì jù fún aláṣọ òkè. Template kò lè ṣe ju kó ya àpótí tí wọ́n máa kọ àwọ̀ àti ọjọ́ ìnáwó sí. Plugin ló máa gbé ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ tẹ̀ lé owó, títí tó fi máa dé iwájú ẹni tó ń hun ún. Nígbà mìíràn gan-an, kò sídìí láti da template kọ rárá. WooCommerce ti fi ìkọ́ sílẹ̀ kiri ojú ìwé, téèyàn lè fi ìlà kan ṣoṣo kọ́. Ẹni tó bá lè fi ìkọ́ ṣe é, kí ló ń da odindi pépà kọ sí?

Torí ohun tí wọ́n dà kọ máa ń gbó. Tí WooCommerce bá tún pépà tiẹ̀ ṣe, èyí tó wà lọ́wọ́ ọmọ á ṣì wà bó ṣe wà, àléébù àtijọ́ àti gbogbo ẹ̀. Nọ́ńbà wà lórí template kọ̀ọ̀kan, WooCommerce sì máa ń fi wọ́n wéra. Èyí tó bá ti gbó, ó máa kọ ọ́ síta lójú ìwé tí wọ́n ń pè ní Status.

Kí ẹni tó fẹ́ san balansi ní kí ọmọ náà ṣí Status yìí lójú òun. Kó ní kó tẹ update lójú òun pẹ̀lú, kí wọ́n jọ wò ó bóyá ibi tí wọ́n ń kọ àwọ̀ sí ṣì wà. Kó gba orúkọ plugin tí wọ́n ṣe fún un sílẹ̀, kó sì gba password ẹ̀. Tó bá wá ní, “Màmá, kò sí network báyìí”, kí balansi náà ṣì wà nínú báàgì.