Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Wa Mọ Ipò Kí Wọ́n Tó Mọ Ẹ̀rọ

Ọ̀pọ̀ ló fẹ́ kí a fi owó àjọ̀dún yìí ra kọ̀ǹpútà ńláńlá fún ilé-ẹ̀kọ́ wa. Àwa kò lòdì sí i, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó yẹ kí ó ṣíwájú.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìjọ tí a ń bójú tó ra ẹ̀rọ tí ń pààrọ̀ iná ìjọba sí jẹnẹrétọ̀ fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, iná ń wá, ó ń lọ, bí ẹni tí ń ṣẹ́jú. Ẹ̀rọ náà ń sáré tẹ̀lé e síwá-sẹ́yìn títí ẹ̀rọ gbohùngbohùn wa fi jóná. Jẹnẹrétọ̀ ni a ń bú, kí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣàlàyé pé àṣìṣe náà wà nínú ìlànà tí a kọ sínú ẹ̀rọ ọ̀hún. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó ń bi ara rẹ̀: ǹjẹ́ iná wà nísinsìnyí? Kò mọ ipò tí òun fúnra rẹ̀ wà.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ya ipò mẹ́rin sórí ìwé: iná ìjọba ń ṣiṣẹ́; jẹnẹrétọ̀ ń gbéra; jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́; iná ti dé, a ń dúró wò ó. Ó fi ọfà so wọ́n pọ̀, ó sì kọ ohun tí ó lè mú ẹ̀rọ kúrò ní ọ̀kan bọ́ sí òmíràn. Bí iná bá tún lọ kí ìdúró náà tó pé, ẹ̀rọ padà sí ipò kẹta. Bí ó bá pé, ó padà sí ti àkọ́kọ́, jẹnẹrétọ̀ a sì kú.

Ìlànà yìí kì í ṣe tuntun. Mealy ní 1955 àti Moore ní 1956 ti kọ̀wé lé e lórí ní Amẹ́ríkà. Kọ̀ǹpútà inú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kéré púpọ̀: ATmega328P, tí ó wà lórí pátákó Arduino Uno, ní báìtì 2,048 péré fún ìrántí iṣẹ́ rẹ̀, èyí tí kò lè gba àpilẹ̀kọ yìí tán. Ṣùgbọ́n báìtì kan ṣoṣo tó o láti rántí ipò tí ó wà. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Láti agbègbè òwò Ogun-Guangdong ní Ìgbẹsà wa dé Àgbárá àti Ọ̀tà, ilé-iṣẹ́ yí wa ká, àwọn ẹ̀rọ tí ń wọn nǹkan, tí ń rọ ọ́, tí ń dì í, ń tẹ̀lé irú ìlànà bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹnu ọ̀nà nìkan ni àwọn ọmọ wa yóò máa ṣọ́, kí àlejò máa tún ẹ̀rọ ṣe nínú ilé?

Àwọn kan yóò ní iṣẹ́ yunifásítì ni èyí. Rárá o. Yíya ipò kò bèèrè iná tàbí kọ̀ǹpútà. Pẹ́ńsù àti ìwé tó fún un. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wá olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ yìí, kí a ra àwọn pátákó kékeré, kí kọ̀ǹpútà ńlá tó tẹ̀lé e. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Kí Olúwa fún wa ní ọgbọ́n láti ná owó yìí bí ó ti tọ́.