Ṣé Páàkì Ọkọ̀ Nìkan Ni Páàkì Wa?

Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo sọ fún ọmọ-ọmọ mi pé kó wọ bàtà, mo fẹ́ mú un lọ sí páàkì. Inú ọmọ dùn. Ó sáré wọ yàrá, ó gbé báàgì ìwé rẹ̀ jáde, ó ti ki aṣọ méjì bọ̀ ọ́, ó ní, "Bàbá àgbà, ṣé Ìbàdàn là ń lọ ni, àbí Iléṣà?" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín tán, ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i ní Òṣogbo yìí, kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe nǹkan mìíràn ní páàkì ju ibi tí a ti ń wọ mọ́tò lọ. Ariwo agbèrò, èéfín ọkọ̀, ìyá oníbúrẹ́dì, àwọn géńdé tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì: ohun tó ń jẹ́ páàkì lójú rẹ̀ nìyẹn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, nínú èmi àti ọmọ yìí, ta ni kò mọ ìlú tó ń gbé?

Ọmọ Iléṣà ni mí, ṣùgbọ́n Òṣogbo ni mo ti ṣe tíṣà títí mo fi fẹ̀yìn tì, n kò sì rò pé ẹnikẹ́ni tún lè pè mí ní àlejò níbẹ̀. Pápá kan wà ní àdúgbò wa. Kò tóbi, n kò sì ní purọ́ fún yín pé ó dára. Bí òjò bá rọ̀, ẹrẹ̀ ni. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, eruku ni. Síbẹ̀ orí ilẹ̀ yìí ni àwọn ọmọ wa ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ibẹ̀ ni àwọn ìyá ń sá èlùbọ́ sí, ibẹ̀ la ti ń ta àtíbàbà bí a bá ń ṣe ìgbéyàwó tàbí tí a bá ń sìnkú àgbà. Lóṣù tó kọjá, àwọn kan gbé tépù àti èèkàn wá síbẹ̀, wọ́n kan èèkàn mọ́lẹ̀ yíká, wọ́n fi ọ̀dà pupa kun orí rẹ̀. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́rìndínlógún ni wọn yóò kọ́ síbẹ̀. Wọ́n ní ìdàgbàsókè ti dé.

Mo lọ bá wọn ní ọ́fíìsì wọn. N kò ní dárúkọ ọ́fíìsì náà, nítorí kì í ṣe wọn nìkan. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó dá mi lóhùn ní ẹ̀kọ́ ilé, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó fún mi ní àga. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú sà, ilẹ̀ yẹn kò pa owó kankan wọlé fún wa."

Mo ní, "Ọmọ mi, títì tó o gbà wá síbi iṣẹ́ láàárọ̀ yìí, èló ló pa wọlé?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní títì yàtọ̀. Ó tì o, kò yàtọ̀! Ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999 wà nílẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kó lọ yẹ̀ ẹ́ wò ní Àfikún Kẹrin, níbi tí wọ́n ti to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ọjà, gáréèjì àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìta wà níbẹ̀. Ilẹ̀ ìsìnkú wà níbẹ̀. Kíkó pàǹtírí wà níbẹ̀. Gbólóhùn kan náà tó sì dárúkọ títì, iná ojú títì àti gọ́tà ló dárúkọ ọgbà ìgbafẹ́, ọgbà òdòdó àti ilẹ̀ gbalasa. Kò sí ẹni tó ń béèrè èrè lọ́wọ́ gọ́tà. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé pápá tí ọmọdé ń ṣeré lórí rẹ̀ nìkan ló gbọ́dọ̀ máa pa owó?

Àwọn kan á tún gba ẹ̀yìn wá, wọ́n á ní páàkì jẹ́ àṣà òyìnbó, pé ẹni tí kò rí gaàrí mu kì í wá ibi ìgbafẹ́. Kí wọ́n rọra o. Ìlú Birkenhead ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n máa ń sọ pé òun ló kọ́kọ́ fi owó ará ìlú ṣe páàkì fún gbogbo ènìyàn, ọdún 1847 ló ṣí i. Nígbà náà, Òṣogbo ti ní tirẹ̀ tipẹ́. Ẹ̀yin náà mọ ìtàn ọ̀hún. Nígbà tí Láròóyè àti Olútìmẹ́hìn àti àwọn ènìyàn wọn dé etí odò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gé igi láti tẹ̀dó. Igi kan wó lu odò, ohùn kan sì ké láti inú omi pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Odò bá wọn mulẹ̀: kí wọ́n sún sókè lọ kọ́lé wọn, kí wọ́n fi etí omi sílẹ̀. A kò gbọdọ̀ pẹja níbẹ̀, a kò gbọdọ̀ dọdẹ, a kò gbọdọ̀ gégi.

Kìrìsìtẹ́nì lèmi, n kì í bọ Ọ̀ṣun. Ṣùgbọ́n ẹ yọ ti òrìṣà kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí bí ẹ bá fẹ́, kí lẹ ó rí? Òfin ìlú ni! Ẹ má kọ́lé sétí odò, ẹ fi igbó sílẹ̀ kó jẹ́ ti gbogbo yín. Ìjìnlẹ̀ òye wà nínú rẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ ẹni tó gba ìwé ẹ̀rí lórí ìlànà ilé kíkọ́ lọ. Ẹ bi àwọn ará Ìbàdàn tó kọ́lé sétí Ògùnpa léèrè, wọ́n á sọ ohun tí ojú wọn rí ní 31 oṣù Kẹjọ, 1980, tí omi gbé ilé gbé ọlọ́lẹ̀.

Òfin yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ kú lójú wa. Ní àwọn ọdún 1950, ẹ̀ka ìjọba tó ń mójú tó iṣẹ́ àgbẹ̀ àti igbó gba bí ìdajì Igbó Ọ̀ṣun, wọ́n gé igi ibẹ̀, wọ́n gbin igi tíìkì sí i. Àwọn ọlọ́dẹ wọlé, àwọn apẹja wọlé, àwọn olè ń jí ère gbé. Orúkọ wo ni wọ́n fún un nígbà náà? Ìdàgbàsókè kan náà ni! Àwọn tó dìde sí i kò pọ̀. Susanne Wenger wà níbẹ̀, obìnrin ará Austria tí a ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, pẹ̀lú àwọn olùsìn Ọ̀ṣun, àti àwọn birikilà, agbẹ́gilére àti oníṣẹ́ ọnà ọmọ Òṣogbo bíi Adébísí Àkànjí àti Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí. Sìmẹ́ǹtì àti amọ̀ ni wọ́n fi jà. Ibi tí ẹlòmíràn ti fẹ́ gé igi, wọ́n mọ ère síbẹ̀. Ní 1965 ìjọba àpapọ̀ kéde apá kan igbó náà ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè; ní 1992 wọ́n fẹ̀ ẹ́ dé gbogbo igbó, hẹ́kítà 75. Ní 2005 UNESCO fi í sára ohun àjogúnbá gbogbo àgbáyé. Lónìí gbogbo wa ń fi ṣe fáàrí, títí kan àwọn tí bàbá wọn pe àwọn ènìyàn yẹn ní wèrè.

Kò tán síbẹ̀ o. Odò tó gba inú igbó yìí kọjá kì í ṣe Òṣogbo ló ti ń ṣàn wá. Ìgèdè-Èkìtì ló ti sun, ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ilẹ̀ bàbá tèmi, ló sì gbà kó tó dé ọ̀dọ̀ Àtáója. Àwọn tó ń wa góòlù káàkiri ilẹ̀ wa da omi náà rú, ó pọ́n bí ẹrẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ ọdún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ ló kìlọ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ wá ṣọdún Ọ̀ṣun pé kí wọ́n má mu omi náà. Omi tí wọ́n wá láti òkè òkun nítorí rẹ̀! Ojú tì mí gẹ́gẹ́ bí ọmọ Ọ̀wá. Ọgbà tó lókìkí jù ní gbogbo agbègbè yìí, tó ní odi, tó ní ẹ̀ṣọ́, tó ní ìwé UNESCO, ẹni tó wà lókè odò ló bà á jẹ́. Iléṣà ní ìjọba ìbílẹ̀ méjì, Òṣogbo náà ní méjì, Òṣogbo àti Ọlọ́rundá. Èwo nínú wọn ni omi náà wà lọ́wọ́ rẹ̀?

Ẹnìkan sọ fún mi ní ìpàdé àdúgbò pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣebí Freedom Park wà ní Old Garage." Bẹ́ẹ̀ ni, ó wà. Orúkọ Nelson Mandela ni wọ́n fi pè é, ìjọba Arẹ́gbẹ́ṣọlá ló ṣe é, mo sì yìn wọ́n. Mo ti jókòó síbẹ̀ rí, atẹ́gùn ibẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n láti ilé wa, ọmọ-ọmọ mi yóò sọdá títì ńlá mẹ́ta kó tó débẹ̀. Ṣé òun nìkan ni yóò rìn ín? Ọgbà ńlá kan fún olú-ìlú ìpínlẹ̀ kì í dípò pápá kékeré tí ìyá lè dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ kó pe ọmọ rẹ̀ wálé jẹun.

Bí mo bá sọ báyìí tán, wọ́n á ní kí àwa ará àdúgbò ṣe é fúnra wa. Wọ́n á ní, ṣebí ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni yín. Lóòótọ́ ni. Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe Ilé Ìjẹ̀ṣà ló dá Ilesa Grammar School sílẹ̀ ní 1934. Wọn kò dúró de ìjọba. Inú mi dùn pé irú àwọn baba bẹ́ẹ̀ ló bí wa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́ fúnra wa. Ìlú tó ń dáwó kọ́ ilé ẹ̀kọ́ ní 1934, lábẹ́ òyìnbó ni, kò sí ẹni tó bèèrè lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó gba owó orí. Lónìí, àwa la ń dìbò, àwọn tí a dìbò fún ló ń gba owó lóṣù lóṣù lórúkọ wa. Síbẹ̀ àdúgbò wa ló dáwó ra tiransifọ́mà. Àwa la gbẹ́ kànga oníẹ̀rọ. Àwa là ń sanwó ọdẹ, àwa la da yàǹgì sí kòtò ojú ọ̀nà. Owó ìyàwó kan náà là ń san lẹ́ẹ̀mejì, ìyàwó kò sì tíì wọlé! Ẹni tó bá tún ń yìn wá pé a gbìyànjú, kó yé fi ìyìn bo káńsù láṣìírí.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Iléṣà, bí wolé-wolé bá yọ lẹ́sẹ̀ títì, àwọn ìyá wa á máa sáré da omi inú àmù tó ní tanwíjí nù. A kórìíra ọkùnrin náà. Ó máa ń yọjú sí sálángá, ó máa ń kọ orúkọ sínú ìwé. Ó le koko, àwọn kan nínú wọn sì ń gba rìbá, n kò sẹ́. Ṣùgbọ́n a mọ̀ ọ́n, a mọ ọjọ́ tó ń wá, a mọ ibi tí a lè lọ fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ta ni ọmọ mi mọ̀ ní káńsù báyìí? Ní oṣù Kejì ọdún 2025, ìpínlẹ̀ wa rí ohun tí ojú kò rí rí: ẹgbẹ́ òṣèlú méjì ń jà lórí ẹni tó ni sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀mí ṣòfò, àwọn òṣìṣẹ́ káńsù jókòó sílé fún ọ̀pọ̀ oṣù, ìjọba àpapọ̀ sì di owó mú. Kò sì tíì pé ọdún kan tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, ní 11 oṣù Keje 2024, dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ní àdúgbò wa, ọ̀pọ̀ oṣù kọjá kí àwọn ènìyàn tó mọ̀ pé kò sí ẹni níbi iṣẹ́. Kí ni ìyàtọ̀?

N kò bẹ̀bẹ̀ fún òdòdó láti òkè òkun. Igi márùn-ún tó ní òjìji ni mo ń fẹ́, bẹ́ńṣì díẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan tó ní omi, àti ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí a mọ ilé rẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń já ní gáréèjì àti ní ọjà, kí wọ́n yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ sọ́tọ̀ fún un. Kí wọ́n kọ iye tó wọlé àti iye tó jáde sára pátákó, ní Yorùbá, kí ìyá elélùbọ́ lè kà á. Kí wọ́n sì ya àwòrán gbogbo ilẹ̀ gbalasa tó ṣẹ́kù ní Òṣogbo àti Iléṣà sórí ìwé kan, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri, kí ẹni tó bá fẹ́ tà á tó mọ̀ pé ojú ń wo òun.

A ti kọ lẹ́tà, onílé mọ́kànlélógójì ló fọwọ́ sí i. Onílé méjì kò fọwọ́ sí i. Mo gbọ́ pé wọ́n ti sanwó ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní ká wá ní ọjọ́ Tọ́sìdé tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀. Màá mú ọmọ-ọmọ mi dání. Lánàá, mo rí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí pápá náà, wọ́n ti fa èèkàn ọlọ́dà pupa mẹ́rin tu, wọ́n fi ṣe góòlù. Mo yẹ kí n bá wọn wí. N kò bá wọn wí.