Kónílé-ó-gbélé àti àwọn tí àyà ń jó

Nígbà tí wọ́n kéde ẹni àkọ́kọ́ tí àrùn kòrónà mú ní orílẹ̀-èdè wa, ní ọjọ́ 16 oṣù kẹta ọdún 2020, ìjọba kò pàṣẹ pé kí gbogbo ènìyàn jókòó sílé. Kí oṣù náà tó parí, Ààrẹ Patrice Talon fúnra rẹ̀ sọ ọ́ ní gbangba pé Bẹ̀nẹ̀ kò ní irú ọrọ̀ tí àwọn orílẹ̀-èdè ńláńlá fi ń bọ́ àwọn ará ìlú wọn nínú ilé. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń sọ títí di òní pé kónílé-ó-gbélé kò dé Banigbé. Bí a bá wo ìwé àṣẹ, òtítọ́ ni. Bí a bá wo bí àwọn ènìyàn ṣe gbé ìgbé ayé wọn ní oṣù wọ̀nyẹn, kì í ṣe òtítọ́.

Banigbé wà ní Ifangni, nítòsí ààlà Nàìjíríà. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni Nàìjíríà ti ti ààlà ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ ọjà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin ọdún 2020, kónílé-ó-gbélé tún mú ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí Ìdí-Ìrókò wà, tí ó kọjú sí Igolo tiwa. Ní ìhà kejì, láti ọjọ́ 30 oṣù kẹta títí di ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún, ìjọba wa fi ààlà ìdènà àrùn, èyí tí a mọ̀ sí cordon sanitaire, yí Kútọnu, Àjàṣẹ́ àti àwọn ìlú tó sún mọ́ wọn ká. Ifangni kò sí nínú rẹ̀. Ọ̀nà Nàìjíríà dí, ọ̀nà Àjàṣẹ́ dí, àwa sì wà láàárín. Ẹni tí ara rẹ̀ le lè fara da ọ̀sẹ̀ mẹ́fà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí oògùn ojoojúmọ́ rẹ̀ ń ti ọ̀kan nínú ọ̀nà méjèèjì yìí wá ńkọ́?

Oríṣiríṣi aláìsàn ni ọ̀rọ̀ yìí kàn, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí a kì í dárúkọ wọn rárá. Àwọn ni àwọn tí àyà ń jó. Ní ẹnu àbáwọlé àpò oúnjẹ wa, iṣan kan wà tó ń ṣí nígbà tí oúnjẹ bá ń bọ̀, tó sì ń fún pọ̀ bí ẹnu àpò tí a fi okùn dì nígbà tí oúnjẹ bá ti wọlé. Bí iṣan yìí bá dẹ̀, omi kíkan tí ikùn fi ń lọ oúnjẹ á gòkè padà sínú ọ̀nà ọ̀fun. Ikùn ní awọ tó lè gba omi náà mọ́ra. Ọ̀nà ọ̀fun kò ní. Ibẹ̀ ni àyà jíjó ti ń wá, àti omi kíkorò tó ń dé ẹnu lójijì, pàápàá bí ènìyàn bá dùbúlẹ̀ tàbí tó tẹ̀ ba láti roko. Reflux ni àwọn dókítà ń pè é. Nílé, orúkọ rẹ̀ pọ̀: àwọn kan ní ọgbẹ́ inú ni, àwọn kan ní ọkàn ló ń dùn wọ́n, àwọn mìíràn a tilẹ̀ sọ pé ayé ló ń bá wọn jà, nítorí pé òru ni ó sábà máa ń le jù.

Ọ̀kan nínú àwọn àmì àìsàn yìí ni ikọ́ gbígbẹ. Omi kíkan náà máa ń ta ọ̀fun, ohùn á há, ikọ́ á sì máa yọ ènìyàn lẹ́nu lóru àti ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Ẹ rántí ohun tí ikọ́ túmọ̀ sí ní oṣù kẹrin ọdún 2020. Bí obìnrin kan bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì nídìí ọjà rẹ̀, àwọn oníbàárà á yà lọ. Ẹni tó bá sì ń bẹ̀rù pé wọn yóò mú òun lọ síbi ìyàsọ́tọ̀ kò ní gbé ikọ́ rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Á jókòó sílé, á máa tọ́jú ara rẹ̀ bí ó bá ti yé e.

Bí ó sì ti yé ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wa nìyí: ọsàn wẹ́wẹ́, atalẹ̀, aáyù àti ata, tí a sè pọ̀ tí a sì ń mu gbígbóná láràárọ̀ láti fi lé kòrónà. Àwọn mìíràn fi sódàbì kún un, pé ọtí líle á pa kòkòrò náà lọ́nà ọ̀fun. Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ ní oṣù kẹrin yẹn kan náà pé ọtí kì í dáàbò bo ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ kòrónà. Àwa kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí àgbo. Àgbo tó dára wà, àwọn tó mọ̀ ọ́n sì wà. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ti bó, ọsàn wẹ́wẹ́ àti ata lórí ikùn òfìfo dà bí iyọ̀ lójú egbò, sódàbì sì tún ń dẹ iṣan ẹnu ikùn náà sí i. Ohun tí ènìyàn ń mu kí ó má baà ṣàìsàn ló ń dá àìsàn rẹ̀ padà sí i lára.

Oúnjẹ náà yí padà. Nígbà tí ọjà kò bá lọ, tí owó kò sì wọlé, ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń sọ oúnjẹ mẹ́ta di ẹyọ kan, èyí tí wọ́n á jẹ ní alẹ́, ní àjẹyó, kí àwọn ọmọ lè sùn. Lẹ́yìn náà ni gbogbo ilé á dùbúlẹ̀. Kò sí ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ fún aláìsàn yìí, tí ó yẹ kí ó jẹun díẹ̀díẹ̀, kí ó sì fi wákàtí méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀ kí ó tó sùn. Ìparí oṣù kẹrin ni ààwẹ̀ Ramadan tún bẹ̀rẹ̀ ní ọdún náà. Àwọn mọ́sáláṣí wà ní títì. Lẹ́yìn ìṣínu, ẹni tí ì bá rìn lọ kí àṣámù lẹ́yìn oúnjẹ jókòó sínú ilé. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀sìn tàbí ti aláàwẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹnìkan ti ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn.

Ní ti oògùn, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dùn wá jù. Omeprazole ni oògùn tí a mọ̀ jù fún àìsàn yìí. Ní òwúrọ̀, ní nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí a tó jẹun, ni a ń lò ó. Bí ẹni tó ti ń lò ó fún ìgbà pípẹ́ bá dáwọ́ dúró lójijì, omi kíkan inú rẹ̀ lè ru sókè ju ti àtẹ̀yìnwá lọ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ wá ro ti ẹni tí oògùn tán lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì tí ọ̀nà dí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ á yíjú sí oníbáńkẹ́rẹ́ oògùn létí ọ̀nà. Láti ìgbà tí ìjọba ti tú ọjà oògùn Adjégounlè ká ní Kútọnu ní ọdún 2017, oògùn àtẹ ti di ohun tí a ń tà ní bòńkẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n kò tíì tán. Ohun tí wọ́n sì máa ń tà fún ẹni tó bá ní àyà ń dun òun ni oògùn ara ríro, irú ibuprofen àti diclofenac, èyí tí ó máa ń ha inú.

Ohun kan tún ṣẹlẹ̀ tí kò dé etí wa. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2020, FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, ní kí wọ́n kó gbogbo ranitidine kúrò lórí àtẹ. Ìdí ni pé èròjà kan tí ń jẹ́ NDMA, tí ó ṣeé ṣe kí ó fa àrùn jẹjẹrẹ, lè máa pọ̀ sí i nínú rẹ̀ bí ó bá pẹ́ nílẹ̀ tàbí bí ooru bá mú un. Ní òpin oṣù náà, àjọ ti Yúróòpù pẹ̀lú dámọ̀ràn pé kí wọ́n dá títà rẹ̀ dúró. Ranitidine yìí, oògùn àyà jíjó ni. Àwọn tó ní èyí tó ṣẹ́kù nínú àpótí, tàbí tí wọ́n rà á lórí àtẹ tí oòrùn ti ń pa láti àárọ̀, ta ló sọ fún wọn ní èdè tí wọ́n gbọ́?

Àwọn kan á ní àyà jíjó kéré púpọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àrùn tó pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn káàkiri ayé. A kò jiyàn. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá ní Yúróòpù pàápàá sún àyẹ̀wò inú síwájú ní ìgbà náà, àyàfi fún ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá le, kí àwọn òṣìṣẹ́ má baà kó àrùn. Ṣùgbọ́n ohun tí a ń béèrè fún kò ná ìjọba ní ẹ̀rọ ìmí tàbí ibùsùn kan. Bí wọ́n bá rí i pé ọ̀nà máa dí, kí ilé ìwòsàn fún aláìsàn tí ara rẹ̀ balẹ̀ ní oògùn oṣù mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti gbà á níyànjú fún àwọn tó ń lo oògùn HIV. Kí ìwé dókítà tó láti kọjá ààlà ìdènà àrùn lọ sí Àjàṣẹ́. Kí rédíò àti agogo akéde sì sọ ohun tó yẹ ní Yorùbá àti ní Gùn, kì í ṣe Faransé nìkan.

Ohun tí akéde lè sọ kò gùn. Kí a fi bíríkì gbé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì níhà orí sókè ní sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, nítorí ìrọ̀rí méjì tàbí mẹ́ta kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn; kí ẹni tó ń sùn lórí ẹní fi ẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀. Kí ẹni tí oúnjẹ ń há lọ́fun, tí ń bì ẹ̀jẹ̀, tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, tàbí tí ó ń rù láìnídìí má ṣe dúró de ìgbà tí ọ̀nà yóò ṣí. Kí ẹni tí àyà ń fún, tí ìrora náà ń gba apá tàbí àgbọ̀n lọ, tètè wá ilé ìwòsàn, nítorí ìyẹn lè jẹ́ ọkàn gan-an.

Ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé kòrónà kì í ṣe pàjáwìrì àgbáyé mọ́. Ààlà Ìdí-Ìrókò ti ṣí fún ọjà láti oṣù kẹrin ọdún 2022. Nísinsìnyí tí ọ̀nà là ni ó yẹ kí àwọn aláṣẹ ìlera Ṣakété àti Ifangni kọ orúkọ àwọn tó ń lo oògùn lójoojúmọ́ sílẹ̀, abúlé sí abúlé, kí àwọn tí àyà ń jó sì wà nínú ìwé náà.